Ìwé Ìbúra Nípa Iwájú Ilé Mi

Lọ́ọ̀yà wa yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan, ó ní kí n kà á.

Mi ò tètè rí ilé ìwé lọ. Nígbà tí mo wọ kíláàsì àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń múra àtijáde, nítorí náà ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í yé mi wàràwàrà. Bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ni mo ṣe máa ń kà á. Lọ́ọ̀yà náà, tó jẹ́ ọmọbìnrin, dúró dè mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìbejì mi, ó sì ní sùúrù. Nísàlẹ̀, lójú títì Dùgbẹ̀, ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku.

Ìwé ìbúra ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a pè lẹ́jọ́ nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọn ọ̀nà ti dé ilé mi, wọ́n yẹ iwájú rẹ̀ wò, wọn ò rí sàréè kankan. Táìlì ni wọ́n rí. Ó tún ní ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àpótí níbẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kò sí sàréè níwájú ilé náà.

"Bàbá," lọ́ọ̀yà ní, "ṣé sàréè wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà."

"Ti ta ni, sà?"

"Ti ìyá àwọn ìbejì. Ìyàwó mi."

"Ìyá àgbà tó ní kò sí ńkọ́? Ta ni wọ́n?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

Ó wò mí. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá ẹni tó wà nínú sàréè."

Ọmọ Yorùbá ni. Kò bèèrè ìdí. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Màmá, ìyá rẹ̀, wà ní Bódìjà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin. A kò jẹ́ kí wọ́n wá síbi ìsìnkú, àwọn náà ò sì bèèrè ibi tí a sin ín sí. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi kó tó kú pé kí n má gbé òun jìnnà. Kànga àti ṣọ́kàwéè ló wà lẹ́yìn ilé wa, ibẹ̀ kò gba sàréè. Iwájú ilé ni a gbẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màmá ní àwọn ò lè gbé Bódìjà mọ́. Wọ́n ní ògiri ibẹ̀ ga jù, géètì máa ń wà ní títì, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, èèyàn ò ní rí ẹni kí. Wọ́n fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ mi. Mi ò lè kọ̀ fún wọn. Àwọn ìbejì ti jáde nílé, èmi nìkan ni mo kù pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Kí wọ́n tó dé, mo wó sìmẹ́ǹtì tí a fi bo ojú oórì náà, mo tẹ́ táìlì sí gbogbo iwájú ilé kó dọ́gba. Mi ò kọ orúkọ síbẹ̀. Mi ò gbé àgbélébùú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, Màmá gbé àpótí jáde, wọ́n wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àwọn tó ń kọjá.

Gbogbo àdúgbò mọ̀. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó kọrin ìsìnkú ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ẹnu kàn lè wà bẹ́ẹ̀ títí. Àmọ́ kóòtù kò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ohun tí wọn ò bá kọ fún kóòtù, kò sí.

Ìjọba àpapọ̀ ló fẹ́ fẹ ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ àdúgbò wa, ní apá ìsàlẹ̀ Challenge. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa. Àwa onílé kóra jọ, a gba lọ́ọ̀yà, a sì lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé kí adájọ́ dá iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ wa tán. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ló ní kí wọ́n fi í sínú ìwé àkọ́kọ́ pé sàréè wà níwájú àwọn ilé kan. Kò sọ ilé ta ni. Èmi náà ò sọ.

"Ẹ wò ó, Bàbá," lọ́ọ̀yà ní. "Ilé tí wọ́n bá wó, adájọ́ lè ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Òkú tí katapílà bá hú, kò sí owó tó lè dá a padà sílẹ̀. Sàréè yìí nìkan ni ohun tó lè dá wọn dúró kíákíá. Àwọn náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kò sí."

"Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ máa búra. Ẹ máa sọ ẹni tí ẹ sin, ibi tí ẹ sin ín sí, ẹ ó sì fi àwòrán tì í. Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí Màmá fi ní kò sí. Bí a ò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn ni adájọ́ máa gbà."

Mo ní ṣé adájọ́ nìkan ló máa kà á.

Ó mi orí. Ó ní ayé fáìlì abẹ́ àga ti lọ. Kọ̀ǹpútà ni àwọn fi ń fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù báyìí. Bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ lọ́ọ̀yà tọ̀hún, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà lè ṣí i lójú òpó kóòtù kó kà á lórí fóònù.

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, sà. Ìwé kóòtù, ti gbogbo ayé ni."

"Ṣé wọn ò lè bò ó?"

"A lè bẹ adájọ́ kó bò ó. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn náà máa wà lójú òpó, àwọn tọ̀hún náà sì gbọ́dọ̀ fèsì. Ọ̀túnla ni ìgbẹ́jọ́ wa. Kí adájọ́ tó dé orí ẹ̀bẹ̀ yẹn, katapílà á ti dé ọ̀dọ̀ yín." Ó ti bírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n bo nǹkan, ṣe ló ń pe èèyàn wá wò ó."

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sílé ná. Ó ní kí n má pẹ́ kí n tó padà lówùúrọ̀, nítorí ìwé tó bá wọlé lẹ́yìn tí kóòtù bá ti palẹ̀mọ́, adájọ́ ò ní kà á mọ́.

Mo bá Màmá lórí àpótí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi ń fi ẹ̀yin bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn náà ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe yẹ láàárín àna.

"Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Ojú yín le bí ojú ẹni tí wọ́n ta ẹja àná fún."

"Oòrùn ni, Màmá."

"Alága yín yà síbí. Ó ní òun ń wo ẹjọ́ wa lórí fóònù, bí àwọn ọmọ ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ní àwọn tọ̀hún ti gbá gọ́ọ̀lù kan wọlé sí wa."

"Gọ́ọ̀lù wo?"

"Kò sọ. Ara rẹ̀ ò balẹ̀, bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní tó bá di Sátidé, òun á tẹ gbogbo ìwé náà jáde, òun á sì kà á fún gbogbo wa lédè Yorùbá níbí yìí." Wọ́n fọwọ́ gbá táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Mo ní kó má fo ibi tí wọ́n ti dárúkọ mi o. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo bá àwọn awọ̀nlẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀? Wọ́n ní ṣé sàréè wà níbí. Mo ní sàréè bàbá ta ni? Mo ní bí sàréè bá wà níbí, ṣé èmi àgbàlagbà ni màá máa jókòó lé e?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayálégbé mi kan tó ń fọ aṣọ nítòsí gbé orí sókè, ó wò mí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, mo ń rò ó pé kí ẹ lọ kí ọmọ yín ní Bódìjà lọ́sẹ̀ yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kó wá kí mi. Ẹsẹ̀ tèmi ni kò lágbára." Wọ́n mú ẹ̀gúsí mìíràn, wọ́n bó o. "Bódìjà. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀, géètì ni mo ń kí."

Mi ò sùn dáadáa. Bí mi ò bá búra, wọ́n á hú ìyàwó mi. Bí mo bá búra, Màmá á gbọ́, bó pẹ́ bó yá, àti pé ẹnu alága ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá sì gbọ́, wọn ò ní lè gbé ilé mi mọ́. Mo gbìyànjú láti rò ó bóyá kí n sọ fún wọn fúnra mi. Ẹnu mi ò gbà á. Èèwọ̀ tí wọ́n fi tọ́ èèyàn kì í kúrò lára nítorí pé lọ́ọ̀yà nílò ìwé.

Lówùúrọ̀, mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó. Iṣẹ́ ìwé dídì ni mò ń ṣe, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo tọ́jú àwòrán ìsìnkú náà sí, kí Màmá má baà rí i nílé. Nínú àwòrán náà, pósí wà nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé mi hàn lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà ilé náà sì hàn kedere. Èmi kò sí nínú rẹ̀. Mo ti wọlé nígbà yẹn.

Ọmọ kan tó wá gba ìwé rẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé tèmi ti ṣe?"

Mo ní kó padà wá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ́fíìsì lọ́ọ̀yà, ìwé ìbúra náà ti wà ní títẹ̀. Lọ́ọ̀yà kà á fún mi lédè Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ orúkọ ìyàwó mi ní kíkún, orúkọ tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó kọ ọ́ pé nínú àṣà wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, pé nítorí èyí ni mo ṣe tẹ́ táìlì sórí sàréè náà, pé nítorí èyí náà ni ìyá olóògbé, tó ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò fi mọ̀.

"Tó ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́," mo ní. "Ṣé ìyẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀?"

"Àwọn tọ̀hún ti kọ ọ́ pé wọ́n bá wọn níbẹ̀, sà. Bí a ò bá sọ ìdí rẹ̀, á dà bíi pé irọ́ là ń pa."

A lọ sí kóòtù. Akọ̀wé tó ń gba ìbúra gbé Bíbélì fún mi. Ó ní ṣé mo mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀, ó sì pe ẹni tó tẹ̀ lé mi.

A padà sí Dùgbẹ̀. Lọ́ọ̀yà ya gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe fẹ́ fi í ránṣẹ́, ojú òpó náà kọ̀ ọ́. Ó ní àwòrán yẹn ló wúwo jù. Ó dín in kù. Àwòrán náà dúdú, ojú ilé mi ò hàn mọ́. Ó tún un ṣe. Iná lọ. Ẹni tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kò sí nítòsí. Lọ́ọ̀yà bọ́ bàtà gíga rẹ̀ sílẹ̀, ó sá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fa okùn rẹ̀ tó ń bú u bí ẹni ń bú ewúrẹ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn ọ́fíìsì náà, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó ti kú. Apá kan nínú mi ń bẹ iná pé kó má dé. Kóòtù á palẹ̀mọ́, kò ní sí ohun tí mo lè ṣe sí i, kò sì ní jẹ́ èmi ni mo ṣe é.

Iná dé. Lọ́ọ̀yà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo. Ó jókòó, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá dúró.

"Bàbá, ó ti ṣe tán. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, mi ò lè fà á padà mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Ẹni tó ń polówó oògùn eku ti lọ. Mo gbọ́ bí fáànù ṣe ń yí. Mo rántí ohun kan ṣoṣo, pé ìyàwó mi ní kí n má gbé òun jìnnà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," mo ní.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn náà òǹtẹ̀ kóòtù jáde lórí ìwé wa, láìsí ẹni tó lù ú.

Mi ò tíì dé ibi tí màá ti wọkọ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Alága ni.

"Bàbá Ìbejì, mo ti rí i o. Ó ti wọlé. Áà, ìwé yìí dùn. Lọ́ọ̀yà yẹn gbówọ́. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà mọ́."

"Alága, ẹ dákun—"

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo onílé lórí wásáàpù. Kálukú ti ń kà á."

Mo dúró lẹ́bàá títì. "Alága. Màmá."

"Màmá ti ta ni?"

"Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ mi."

Ó dákẹ́. Ẹni tí kì í dákẹ́ ni. "Háà," ó ní. Lẹ́yìn náà: "Ẹjọ́ yẹn ni mò ń wò, Bàbá Ìbejì. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

Mo ní àwọn tó ti kà á ńkọ́.

Mo wọ Máíkírà, takisí kékeré tó kún dẹ́nu. Sún kẹẹrẹ ni a ń rìn ní Òkè Àdó. Dẹ́rẹ́bà náà ń bá ọkùnrin iwájú jiyàn lórí ẹni tó ni ààyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn, mo mọ̀ pé kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń wo àwọn èèyàn létí títì, mo ń wo fóònù ọwọ́ wọn. Gbogbo ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù, ó ń ṣe mí bíi pé ìwé mi ló ń kà.

Nígbà tí mo yà sí àdúgbò wa, mo mọ̀. Àwọn tó máa ń kí mi láti òkèèrè dìde kí mi, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Ayálégbé mi tó ń fọ aṣọ lánàá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Ìyàwó aládùúgbò wa kan gbé omi wá fún Màmá, bẹ́ẹ̀ Màmá kò bèèrè omi. Kò sẹ́ni tó tẹ orí táìlì náà. Gbogbo wọn dúró sórí iyanrìn.

Màmá jókòó síbẹ̀, igbá ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá Ìbejì," wọ́n ní, "kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń wo ẹsẹ̀ mi lónìí?"

Mo sún mọ́ wọn.

"Ojú mi ò ríran dáadáa, àmọ́ mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń wò mí. Wọ́n á dé, wọ́n á kí mi, wọ́n á wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun bá mi gbé àpótí mi lọ síbòmíràn. Mo ní ṣé wọ́n ti ta ibí ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Ooru wà nínú ilé."

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Bóyá ohùn mi ni. Wọ́n gbé ojú sókè sí mi, lẹ́yìn náà wọ́n wo àwọn èèyàn tó dúró sórí iyanrìn, lẹ́yìn náà wọ́n wo ilẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró nínú igbá náà. Ìyàwó aládùúgbò yẹn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kúrò lórí táìlì, bí ẹni tó tẹ ohun gbígbóná. Wọn ò mọ ibi tí wọn ó gbé e sí. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ dìde. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n di férémù rẹ̀ mú, wọn ò wẹ̀yìn.

"Ibo ni orí rẹ̀ wà?" wọ́n ní.

"Màmá, wọn kì í sọ ọ́ fún yín."

"Mo mọ ohun tí wọn kì í sọ fún mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń gbé ẹsẹ̀ mi lé ni."

Mo ní, "Orí rẹ̀ wà lápá ilé. Ẹsẹ̀ yín ò kàn án."

Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé òótọ́ ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé. A gbọ́ ẹkún wọn, kò pẹ́. Àwọn obìnrin wọlé tọ̀ wọ́n. Èmi mú ìgbálẹ̀, mo gbá ẹ̀gúsí náà jọ.

Ní kóòtù, lọ́jọ́ kejì, adájọ́ ń ka ìwé wa lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Mo rí bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tàn sójú rẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́ọ̀yà tọ̀hún dìde, ó ní àwọn ò mọ̀, ó ní kò sí àmì kankan níbẹ̀. Adájọ́ ní òun ti rí ìdí tí kò fi sí àmì. Ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí ẹnikẹ́ni má fi katapílà kan ilẹ̀ náà. Alága di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí ó fi ń dùn mí. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti di ẹrù wọn. Ọmọ wọn ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sí Bódìjà. Wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá kànga, níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Mo sọ ohun tí adájọ́ wí fún wọn.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o."

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí ni mo ṣe, ṣé èmi ni mo pa á ni. Wọ́n tún okùn ẹrù wọn so.

"Alága ní gbogbo ayé ló lè ka ìwé yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Títí ìgbà wo?"

"Wọ́n ní yóò máa wà níbẹ̀ ni."

"Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ ní kíkún."

Wọ́n ní kí n pè é. Mo pè é. Wọ́n ń mi orí bí mo ṣe ń pè é, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ kejì, orúkọ tèmi tó jẹ́ kẹ́yìn.

"Ẹ sọ fún lọ́ọ̀yà yín," wọ́n ní, "pé orúkọ oríkì rẹ̀ ló kù. Bí gbogbo ayé bá máa kà á, kí wọ́n kà á tán." Wọ́n sì sọ oríkì náà fún mi, ní ohùn tí wọ́n fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi kò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ wọn dé, ó ní òun ti gbé ọkọ̀ síwájú ilé. Mo ní kó gbé e yípo lọ sí àdúgbò kejì. Mo bẹ aládùúgbò ẹ̀yìn wa pé kó ṣí géètì rẹ̀ fún wa. Mo gbé àpótí aṣọ Màmá sórí, mo di ọwọ́ wọn mú, a sì gba inú ọgbà ẹlòmíràn kọjá, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, láàárín àwọn adìẹ rẹ̀. Màmá ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè àlàáfíà ilé wọn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀, wọ́n ní kí n máa wá sí Bódìjà lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n má jẹ́ kí géètì yẹn dẹ́rù bà mí.